Ìkìlọ̀ Àgbà fún Ọ̀fun Tó Ń Rìnrìn Àjò

Ẹ jókòó. Ẹni tí ìjókòó bá sú, kó nàró, ṣùgbọ́n kó má jáde, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ pè yín yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìwà ìbàjẹ́ kan ti wọ àárín àwọn ọmọ wa. N ò sọ ti olè, n ò sọ ti yàhúù. Àwọn yẹn ní ọlọ́pàá tiwọn. Ẹni tí mò ń bá wí ni ọmọ tó tọrọ físà, tó kó ìwé báńkì sílẹ̀, tó ya fọ́tò tí kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, tó wọ bàálù kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, tó kọjá òkun, tó gúnlẹ̀ sí Yúróòpù, tó wá se índómì jẹ nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Mo mọ̀ wọ́n, mo sì mọ àpò wọn. Gàrí wà lápá kan, ata gígún wà lápá kejì. Èyí tó ya pòkíì jù nínú wọn a tún fi aṣọ wé pọ̀nmọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò, bẹ́ẹ̀ òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gba èrò tó ń ti òde bọ̀ láyè láti gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé. Aṣọ́bodè á gbà á, á sì jù ú nù. Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹni tó gbé pọ̀nmọ́ lọ sí Faransé jẹ̀bi lọ́nà méjì: ó rú òfin onílé, ó sì tàbùkù ọ̀fun ara rẹ̀. Tí ẹ bá wá bi í léèrè nígbà tó bá padà dé, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí nǹkan gidi téèyàn lè jẹ níbẹ̀. Kò sí ata, kò sí iyọ̀." Á wá yọ fóònù, á máa fi ilé ìṣọ́ onírin tó wà ní Paris hàn yín. Irin! Ọmọ tí mo fi iyán tọ́ dàgbà, irin ló lọ wò.

Àṣìṣe wọn ò ju ẹyọ kan lọ, òun ló bí gbogbo ìyókù. Wọ́n rò pé ohun kan wà tó ń jẹ́ oúnjẹ Yúróòpù. Kò sí i. Kò sẹ́ni tó ń sè é. Kódà, oúnjẹ Ítálì gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìlú ló ni ìkòkò níbẹ̀, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé a kì í kọjá ilé àwọn ará Ìjẹ̀bú lọ wá ìkọ́kọrẹ́ ní Ọ̀yọ́, ta ló wá sọ fún yín pé ohun tí wọ́n ń jẹ ní Naples ni wọ́n ń jẹ ní Bologna?

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ dúró ní Bologna yẹn. Gbogbo ayé ló mọ sípágẹ́tì tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè. Ó wà ní ilé oúnjẹ Èkó, ó wà nínú agolo ní London. Ẹ lọ bèèrè rẹ̀ ní Bologna, kẹ́ ẹ wo irú ojú tí alásè á fi wò yín. Ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní ragù ni tiwọn, orí iná pẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ń fi í sí títí yóò fi jinná kanlẹ̀. Wọn kì í dà á sórí sípágẹ́tì. Tagliatelle ni wọ́n ń dà á lé, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹyin pò, tí wọ́n nà, tí wọ́n sì gé ní gbọọrọ gbọọrọ. Báwo ló ṣe gbọdọ̀ fẹ̀ tó? Ẹ tẹ́tí o. Ní 1972, wọ́n fi wúrà ṣe tagliatelle kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹgbẹ́ oníṣòwò ìlú náà fún ìpamọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá ti jinná, kó fẹ̀ tó mílímítà 8, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú 12,270 gíga ilé ìṣọ́ Asinelli tó wà láàárín ìlú. Ní 1982, wọ́n gbé ìlànà ọbẹ̀ náà lọ síbẹ̀ bákan náà. Àwa tí a ní ọba, tí a ní ìjòyè, a ò tíì rántí fi wúrà ṣe òkèlè. Ìlú tó fi ilé ìṣọ́ wọn oúnjẹ báyìí, ìwọ wá jókòó síbẹ̀, ìwọ ọmọ Nàìjíríà, o ní kí wọ́n bá ọ wá ketchup. Ṣé ilé rere lo ti jáde wá?

Láti ibẹ̀, rélùwéè kò ní pẹ́ gbé yín dé Parma àti Reggio Emilia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì Parmigiano Reggiano. Nǹkan bí lítà wàrà 550 ló ń wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ náà á sì wúwo tó nǹkan bí kílò 40. Oṣù 12, ó kéré tán, ló máa lò lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan á mú òòlù kékeré, á máa fi kàn án káàkiri, á dẹ etí sí i. Tí ohùn rẹ̀ bá dún gbọngbọn níbi tí kò yẹ, àbùkù wà nínú nìyẹn, wọ́n á sì ha àmì oyè kúrò lára rẹ̀. Báńkì kan wà lágbègbè náà, Credito Emiliano, tó ń gba wàràkàṣì yìí ní ìdógò, tó sì ń yá àwọn tó ń ṣe é lówó lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí báńkì ń lé kiri nítorí ìwé ilẹ̀, ẹ wo ohun tí wàrà ń ṣe fún olówó rẹ̀ nílẹ̀ ibòmíràn! Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù tún dá Jámánì lóhùn pé kò sí wàràkàṣì mìíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ Parmesan níbẹ̀ àfi eléyìí. Èyí tẹ́ ẹ ń gbọ̀n jáde nínú ike bí àtíkè, n ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é.

Tẹ́ ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ ya Modena. Ọtí kíkan tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe nílànà ìbílẹ̀, kì í jáde láìpé ọdún 12; àgbà inú rẹ̀ á pé ọdún 25, láti inú àgbá kan sínú àgbá mìíràn. Ó ju àwọn kan nínú yín lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò.

Ẹ lè máa bi ara yín pé ta ló kọ́ àwọn èèyàn yìí láti máa tìtorí ikùn gbéra nílé. Àwọn tó ń ta táyà ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, André àti Édouard Michelin, ń ṣe táyà ní Clermont-Ferrand ní Faransé. Ní 1900, mọ́tò tó wà ní gbogbo Faransé kò tó 3,000. Táyà kì í sì í jẹ tí mọ́tò bá wà ní ìgúnlẹ̀. Wọ́n bá tẹ ìwé pélébé kan, wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́: ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe rèé, ibi téèyàn lè sùn rèé, ibi téèyàn lè jẹun rèé. Ní 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sí ara orúkọ ilé oúnjẹ. Nígbà tó yá, ìràwọ̀ di mẹ́ta, ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni pé oúnjẹ ibẹ̀ tó ohun téèyàn ń torí rẹ̀ nìkan rìnrìn àjò. Ẹ fojú inú wo fọkanáísà Mọ́kọ́lá kan tó ń pín ìwé fún awakọ̀ pé àmàlà tó dùn jù wà ní Ṣakí, kó lè tún táyà rẹ̀ ta nígbà tó bá ń bọ̀! Wọ̀bìà kọ́ nìyẹn. Ọgbọ́n ni, ọgbọ́n tó sì ga ni. Ní 1933, obìnrin kan tó jáde láti oko, Eugénie Brazier, gba ìràwọ̀ mẹ́ta fún ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Lyon àti mẹ́ta mìíràn fún èyí tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Mẹ́fà lápapọ̀. Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé obìnrin tó ń sè kò níṣẹ́, kó lọ bá a wí ní Lyon.

Lyon yìí náà ló mú mi dé ibi tó ń dùn mí jù lọ.

Ọkùnrin kan wà. N ò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà níbí, ó ti ń wo ilẹ̀. Nílé, kò lè jẹ àmàlà láìsí ṣàkì. Á ní kí olóúnjẹ fi abọ́dì sí i, kó fi fùkù sí i, kó wá fi ìdí ìkòkò parí rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà dé Faransé, ó na ọrùn, ó ní òun ń fẹ́ àyà adìyẹ àti ọ̀dùnkún díndín. Kí ló dé? Ó rò pé òyìnbó kì í jẹ ìfun. Ojú ń tì í! Nílùú Lyon tó jókòó sí, àwọn ilé oúnjẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní bouchon ń ṣe ṣàkì tí wọ́n rẹ sínú wáìnì funfun, tí wọ́n fi ẹ̀rún búrẹ́dì bò, tí wọ́n sì dín. Wọ́n ń ki ìfun ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìfun, wọ́n ń pè é ní andouillette, òórùn rẹ̀ á sì ti ibi tí ìfun ti wá sọ ara rẹ̀ fún yín. Ní Caen, ṣàkì ni wọ́n fi ń yangàn. Ní Skọ́tíláǹdì, ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni wọ́n ń gé pọ̀ mọ́ ọkà oat, tí wọ́n ń dì sínú ikùn àgùntàn náà. Ní Porto, ní Pọtogí, wọ́n ń fi oríkì pe ara wọn ní ajẹṣàkì. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní 1415, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́ lọ jagun ní Ceuta, ìlú kó gbogbo ẹran gidi fún àwọn ọmọ ogun, ìfun nìkan ló kù fún ará ilé. Wọ́n sè é pẹ̀lú ẹ̀wà funfun, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí dòní, tayọ̀tayọ̀.

Ṣùgbọ́n Florence ló pa mí. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, bí ìgbà tí olóúnjẹ wa bá pàtẹ sí ibùdókọ̀. Ikùn kẹrin màálù ni wọ́n ń sè, lampredotto ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú tòmátò, àlùbọ́sà àti ewé sẹ́lẹ́rì. Olóúnjẹ á fi fọ́ọ̀kì gbé e jáde, á gé e wẹ́wẹ́, á kó o sáàárín búrẹ́dì, á wá mú ìdérí búrẹ́dì náà, á rì í bọ omi ẹran. Á bi ọ́: ṣé kí n fi ọbẹ̀ ewé sí i? Ṣé kí n fi ata sí i? Bẹ́ẹ̀ ni, ata. Adájọ́ ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, bírìkìlà ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ẹran ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ àwọn méjèèjì. Níbi tí adájọ́ ti ń nu ìgbọ̀nwọ́, ọkùnrin wa yẹn ń fi ọ̀bẹ gé àyà adìyẹ nínú hòtẹ́ẹ̀lì.

Tẹ́ ẹ bá dé Burgundy, ẹ jẹ ìgbín. Wọ́n ń fi bọ́tà, áyù àti ewé pásílì dí ẹnu ìkarahun rẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín, ìgbín wọn kéré. Tí bàbá ńlá wọn bá pàdé ìgbín Oǹdó lójú ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀. Ẹ máa fi ìrẹ̀lẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun sẹ́nu láti Lyon títí dé Sípéènì, ẹ bèèrè, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ń sá pamọ́ sínú ẹ̀fọ́ pàápàá lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́? Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nílé oúnjẹ Faransé, láti ọ̀sán gangan sí aago méjì ni ọ̀sán wọn. Tó o bá dé ní aago mẹ́ta, àgùntàn tó ń sùn níta lo máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará Sípéènì kò ní jókòó ti oúnjẹ alẹ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ wọn ní aago mẹ́fà, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa kí i káàbọ̀. Ní Ítálì, kọfí oníwàrà, cappuccino, ti òwúrọ̀ ni. Mu ún lẹ́yìn ẹran ọ̀sán, wọ́n á gbé e fún ọ, wọn ò ní bú ọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ti mọ irú ilé tó o ti wá. Owó díẹ̀ tún máa wà nínú ìwé owó yín tó ń jẹ́ coperto, owó ìjókòó ni. Ẹ má bá wọn jà. Òwe wa kan sì wà tó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo máa ń fún òwe yẹn nísinmi tí mo bá ti wọ Ítálì. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń nu ọbẹ̀ inú àwo wọn mọ́ féfé, kò sì sí ọmọdé kankan nítòsí tó ń retí ìṣẹ́kù mi.

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń fún imú sí Roquefort, wàràkàṣì Faransé kan. Ìwọ tó ń jẹ irú wooro, tí ará ilé kejì ń mọ ọjọ́ tó o bá se ẹ̀fọ́, òórùn kí ló ń lé ọ? Wàrà àgùntàn ni, inú ihò àpáta Combalou ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń gba inú àpáta wọlé, tí èéhù aláwọ̀ ewé sì ń ta iṣan káàkiri inú rẹ̀. Ní 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará abúlé Roquefort nìkan láṣẹ láti máa pọ́n wàràkàṣì náà. Ọba fọwọ́ sí èéhù. Ìwọ ta ni?

Ní Valencia, ẹ pa ẹnu mọ́ lórí ìrẹsì. Paella tiwọn gba ehoro, ó gba adìyẹ, ó gba ẹ̀wà tútù, nígbà mìíràn ó gba ìgbín. Kò gba sọ́séèjì chorizo. Alásè ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Jamie Oliver, fi chorizo sí i ní 2016, Sípéènì gbaná jẹ. Ṣé ẹ rántí pé ọkùnrin yìí kan náà ló fọwọ́ kan jọ̀lọ́ọ̀fù wa ní 2014? Igbe tí a ké nígbà yẹn ni wọ́n ké. N ò mọ ẹ̀yà mìíràn tó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Kẹ́ ẹ sì tó kúrò níbẹ̀, ẹ dé Alboraya lẹ́yìn ìlú, kẹ́ ẹ mu horchata. Òfio ni. Òfio tí ọmọ Haúsá ń fi bárò tì kiri àdúgbò yín, tẹ́ ẹ ń wò bí ìpápánu ọmọdé, òun ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń fún, tí wọ́n fi ṣúgà sí, tí wọ́n gbé sínú ife onídìgí tútù nini. Wọ́n ń gbìn ín níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní oyè tí òfin ń dáàbò bò. Kò sẹ́ni tó fi òfio Nàìjíríà joyè rí.

Ata nìkan ló kù tẹ́ ẹ máa fi ṣàwáwí. Ẹ lọ sí Calabria ní ìsàlẹ̀ Ítálì, wọ́n á fi ata dá yín lóhùn. Tàbí ẹ lọ sí Espelette, ní ilẹ̀ Basque ti Faransé, níbi tí wọ́n ti ń sín ata pupa mọ́ okùn, tí wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri ilé nígbà ìkórè. Ibi tí mo kọ̀ fún yín pátápátá ni ilé oúnjẹ tó wà lójúde ilé ńlá tí gbogbo ayé ń wá wò, tí wọ́n lẹ àwòrán oúnjẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ọkùnrin kan dúró síta tó ń fà yín lápá. Oúnjẹ tó dùn kì í fa èèyàn lápá.

Lofoten ni mo fi sí ìkẹyìn, ní àríwá Nọ́wè, nítorí mo ní ẹjọ́ níbẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹrin, ẹja kan ń ti òkun Barents wá yé síbẹ̀. Wọ́n ń so ó ní méjì méjì kọ́ sórí igi láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Wọn ò fi iyọ̀ sí i, wọn ò fi iná sí i, atẹ́gùn òtútù ló ń gbẹ ẹ́ gan-n-gan. Panlá òkè òkun nìyẹn, tí àwọn Ìbò ń pè ní okporoko. Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, gbéra láti Crete ní 1431, ìjì da ọkọ̀ rẹ̀ nù, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Røst níbẹ̀ ní 1432, àwọn apẹja gbà á sílé, ó sì kó panlá padà lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Títí dòní, àwọn ará Vicenza ń rẹ ẹ́, wọ́n ń fi wàrà, àlùbọ́sà àti òróró ólífì sè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ara ẹja tó dára jù lọ, Ítálì ló ń lọ. Orí rẹ̀, Nàìjíríà ló ń bọ̀.

N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Orí ẹja ní adùn tí ara rẹ̀ kò ní, ẹ bi ẹni tó ń se ẹ̀gúsí. Ẹjọ́ mi ni pé kí orí náà tó wọ ọkọ̀, àwọn ọmọdé Lofoten ti máa ń gé ahọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi owó rẹ̀ sápò, àwọn ilé oúnjẹ sì ń dín in fún àlejò. Orí wá ń dé ọ̀dọ̀ wa láìní ahọ́n, kò lè ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà. Torí náà, èyíkéyìí nínú yín tó bá dé ibẹ̀, kó jókòó, kó ní kí wọ́n gbé ahọ́n díndín wá. Tí wọ́n bá bi í pé mélòó ló ń fẹ́, kó ka iye orí tó ti dé Ọjà Ọ̀yìngbò fún wọn.